Bẹ́lì dáǹsì kì í ṣe ijó ikùn: ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wa máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ ijó yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí èmi náà ti ń fi í kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, ìbéèrè àwọn ènìyàn wa kò yí padà. Àwọn kan máa ń bi mí ní gbangba níbi àríyá, àwọn kan máa ń fà mí sí kọ̀rọ̀, ìyá mi sì máa ń béèrè tirẹ̀ lórí fóònù, lẹ́yìn tí ó bá ti béèrè àlàáfíà mi, iṣẹ́ mi àti bí òtútù ṣe ń ṣe mí. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn kan gba àlàyé gígùn, àwọn kan kò gbà ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Kí ni orúkọ ijó yìí gan-an? Ṣé ikùn ni wọ́n fi ń jó o?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ará ìta ni ó sọ ijó yìí lórúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, kò sì wo ilé kankan kí ó tó sọ ọ́. Ní Íjíbítì, níbi tí ijó náà ti gbilẹ̀ jù, raqs sharqi ni wọ́n ń pe èyí tí a ń jó lórí ìtàgé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ijó ìlà-oòrùn. Èyí tí ó jẹ́ ti agboolé, tí ìyá àgbà, ìyá àti ọmọ ń jó níbi ìgbéyàwó, raqs baladi ni wọ́n ń pè é. Baladi sì ni ohunkóhun tí ó bá jẹ́ ti ìlú wa, ti ilé wa. Kò sí ikùn nínú orúkọ méjèèjì. Àwọn Faransé ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ijó ikùn ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Amẹ́ríkà sì gbà á lẹ́nu wọn níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Ṣìkágò ní ọdún 1893. Wọ́n kọ́ àdúgbò kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní Òpópónà Kàírò, Sol Bloom tí ó ń bójú tó apá eré àti afẹ́ sì rí i pé orúkọ náà ń pe èrò. Oníṣòwò ni ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó mọ̀ pé ẹni tí yóò sanwó láti wo ikùn pọ̀ ju ẹni tí yóò sanwó láti wo ìlà-oòrùn lọ.

Ní ti ara fúnra rẹ̀, ìbàdí ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù nínú ijó náà, lẹ́yìn náà àyà, apá àti ọwọ́. Ikùn ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórí. Bí wọ́n bá ní kí n wá orúkọ Yorùbá fún un, ijó ìbàdí ni n bá pè é, kì í ṣe ijó ìdí, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ṣé kì í ṣe ijó àwọn aṣẹ́wó ni?

Rárá ni ìdáhùn mi, ṣùgbọ́n n kò ní fi rárá nìkan sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀sùn yìí ní ibi tí ó ti wá. Ní Íjíbítì àtijọ́, oríṣi obìnrin méjì ni wọ́n ń gba owó fún orin àti ijó. Àwọn awalim ni àkọ́kọ́, orúkọ wọn sì túmọ̀ sí àwọn obìnrin onímọ̀: wọ́n mọ ewì, wọ́n mọ orin, ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣeré, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ fún àwọn obìnrin ilé náà. Èkejì ni àwọn ghawazi, tí wọ́n ń jó ní ìta gbangba, ní ojúde ilé, níbi ìgbéyàwó àti níbi àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́. Ní ọdún 1834, Muhammad Ali tí ó ń ṣàkóso Íjíbítì pàṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn oníjó ìta gbangba àti àwọn aṣẹ́wó kúrò ní Kàírò, wọ́n sì kó wọn lọ sí apá gúúsù, sí àwọn ìlú bíi Esna, Qena àti Aswan. Ẹ kíyè sí i pé àṣẹ kan náà ni ó dé orí àwọn méjèèjì, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú ńlá, tí ìgbéyàwó àwọn ọlọ́rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí ó bá bá ara rẹ̀ ni yóò ti wá jíjẹ. Àkókò yìí gan-an ni àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Náílì láti lọ wo àwọn tẹ́ńpìlì, wọ́n sì máa ń dúró ní Esna. Gustave Flaubert, òǹkọ̀wé Faransé, dé ibẹ̀ ní ọdún 1850, ó bá oníjó kan pàdé tí wọ́n ń pè ní Kuchuk Hanem, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ijó rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ibùsùn rẹ̀ pa pọ̀. Ohun tí òfin àti ebi sọ àwọn obìnrin wọ̀nyí dà ni àwọn arìnrìn-àjò kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ijó náà fúnra rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ka ìwé wọn, wọ́n yà á. Àwọn oníṣòwò wo àwòrán náà, wọ́n kọ́ Òpópónà Kàírò. Àwọn onísinimá náà tẹ̀lé e. Èyí ni ó dé Èkó àti Ìbàdàn ní ojú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí oníjó Íjíbítì kan lójúkojú.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, wàhálà ni ó jẹ́ fún un láti rí òbí tí yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ gun orí ìtàgé, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ó fi púpọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ ṣaya. Alágbe ni àwọn àgbà ń pe ẹni tí ó ń fi orin àti ijó jẹun. Bí òde bá sì dé, alágbe yẹn kan náà ni wọn yóò máa ná owó fún.

Ṣé kì í ṣe ijó tí ọmọ Hẹ́rọ́díà jó tí wọ́n fi bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi nìyí?

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ bi mí ní èyí, mo sì ní kí ó ṣí Bíbélì rẹ̀. Nínú Mátíù orí 14 àti Máàkù orí 6, ọmọbìnrin náà jó ní ọjọ́ ìbí Hẹ́rọ́dù, ó dùn mọ́ Hẹ́rọ́dù nínú, kò sì sí ohun mìíràn nípa ijó lẹ́yìn ìyẹn. Bíbélì kò dárúkọ ọmọ náà, kò sọ irú ijó tí ó jó, kò sì sí ìbòjú méje kankan níbẹ̀. Láti ọwọ́ Josephus, òpìtàn àwọn Júù, ni a ti rí orúkọ náà, Sàlómè. Eré orí ìtàgé tí Oscar Wilde, ọmọ ilẹ̀ Írẹ́láǹdì, kọ ní ọdún 1891 ni ó sì fún un ní ijó ìbòjú méje. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ìbòjú méje bá oníjó wí, eré tíátà ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe Ìwé Mímọ́.

Ṣé kì í ṣe nítorí àwọn ọkùnrin ni wọ́n ṣe ń jó o?

Àwòrán tí ó wà lọ́kàn púpọ̀ nínú wa ni ti ọba kan tí ó fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ ń jó níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ni ìyẹn, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn kò fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé àwọn obìnrin rí. Ibi tí ijó náà ń gbé gan-an ni àárín àwọn obìnrin: ní alẹ́ tí wọ́n ń lé làálì fún ìyàwó, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ní ọ̀sán gbígbóná tí àbúrò bá yí rédíò sókè. Ẹnì kan yóò so gèlè mọ́ ìbàdí, àwọn yòókù yóò máa pàtẹ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta yóò sì wọ àárín agbo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ti orí ìtàgé yàtọ̀ sí èyí, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń wò ó. Mo ti lọ sí ìgbéyàwó kan ní Kàírò tí oníjó ti ṣáájú ọkọ àti ìyàwó wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní zaffa. Ó gbé ọ̀pá àtùpà onírin lérí, èyí tí wọ́n ń pè ní shamadan, àbẹ́là tí ó wà lórí rẹ̀ lé ní mẹ́wàá, gbogbo wọn sì ń jó. Ó fi idẹ kéékèèké sí àtàǹpàkò àti ìka àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń lù wọ́n bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní ìsàlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó jókòó, ó sùn gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ìbàdí rẹ̀ kò sì dákẹ́; orí rẹ̀ ni kò mì, àbẹ́là kan kò sì kú. Àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n ń fi ahọ́n kígbe ayọ̀ jù. Wọ́n máa ń so irú ijó báyìí mọ́ orúkọ Shafiqa al-Qibtiyya, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníjó ayé àtijọ́, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ ìjọ Kópítì ni, onígbàgbọ́ bí ìyá mi.

Ṣé ọkùnrin ń jó o?

Ó ń jó o, ó sì ti pẹ́. Àwọn ọkùnrin oníjó tí wọ́n ń pè ní köçek wà ní ilẹ̀ Tọ́kì, àwọn ọkùnrin oníjó sì wà ní Kàírò ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ní apá gúúsù Íjíbítì, eré ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní tahtib jẹ́ ti ọkùnrin, UNESCO sì fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà àgbáyé ní ọdún 2016. Àwọn obìnrin ni wọ́n sọ ọ̀pá yẹn di nǹkan àwàdà nínú ijó tiwọn: wọn yóò yí i bí ọkùnrin tí ó fẹ́ jà, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín.

Aṣọ yẹn ńkọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láti ayé ọjọ́un nìyẹn?

Kọ́mú onílẹ̀kẹ̀ àti bẹ́líìtì ìbàdí, tí wọ́n ń pè ní bedlah, kò pẹ́ rárá. Nínú ilé ijó Kàírò ti àwọn ọdún 1920 àti 1930 ni ó ti di aṣọ iṣẹ́, ọwọ́ àwọn onísinimá Amẹ́ríkà sì wà nínú rẹ̀. Kí ó tó dé, irú aṣọ tí àwọn obìnrin ìlú ń wọ̀ nínú ilé ni oníjó ń wọ̀: ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù gígùn, àti gèlè tí ó dì mọ́ ìbàdí. Òfin Íjíbítì òde òní kò tilẹ̀ gbà kí ikùn wà ní gbangba. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ó ní aṣọ àwọ̀n lórí, oníjó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá sì lè wá wo ohun tí ó wọ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n mú oníjó ará Rọ́ṣíà kan sí àtìmọ́lé nítorí aṣọ tí ó wọ̀ nínú fídíò. Ní ilé ti àwa, a máa ń fi ẹ̀wù gígùn àti gèlè kan kọ́ṣẹ́, kò sì sí ìgbésẹ̀ kankan tí ẹ̀wù náà dí lọ́wọ́.

Kí ni ó ṣòro níbẹ̀? Ṣebí ìdí ni wọ́n ń gbọ̀n?

Ẹ dìde dúró, kí ẹ dán ẹyọ kan wò. Ẹ gbé ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ díẹ̀ níwájú, kí ẹ sì tẹ orúnkún méjèèjì díẹ̀. Ẹ gbé ìbàdí ọ̀tún sókè, ẹ jẹ́ kí ó já lulẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí èjìká mọ̀ sí i. Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí jíjá náà bọ́ sórí ìlù gan-an, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ṣe é ní ìgbà ogójì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n orúnkún wuyẹwuyẹ lábẹ́ rẹ̀, kí apá máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé inú omi ni ó wà, kí ojú sì máa rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ ni ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí gbà mí, olùkọ́ mi tí ó jẹ́ ará Kàírò sì ń sọ fún mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé mo ń ka ìlù dípò kí n máa gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi títí tí mo fi rántí bàtá àti dùndún. Ìlù Íjíbítì ní ohùn méjì pàtàkì: dum ni ohùn àárín awọ, tek ni ohùn etí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní maqsum ń lọ báyìí: dum tek, tek dum, tek. Oníjó ń fi ìbàdí sọ ohun tí onílù sọ. Bí qanun olókùn púpọ̀ bá ń gbọ̀n, ara oníjó yóò gbọ̀n. Bí fèrè ney bá fà gùn, àyà àti ikùn yóò rọra yí bí ìgbì. Bí kọ̀díọ̀nù bá bẹ̀rẹ̀ taqsim baladi, tí ó ń dá kọ orin láìsí ìlù, oníjó yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, títí tí ìlù yóò fi dé bá wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ẹni tí ó to ijó náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú agbo ni oníjó ti ń hun ún. Bí ó ṣe rí nínú ìjálá nìyẹn: oníjàálá lè má mọ ẹsẹ̀ tí yóò kì lẹ́yìn èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń sun ìjálá láti inú òfìfo. Soheir Zaki, oníjó ará Íjíbítì, gba òkìkí nítorí bí ó ṣe ń jó sí orin Umm Kulthum, gbajúgbajà akọrin obìnrin Íjíbítì, orin tí àwọn Lárúbáwá máa ń jókòó gbọ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ẹni tí kò mọ orin kò lè dán ìyẹn wò.

Ṣé òrìṣà ìbímọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jó o fún?

Kò sí ẹ̀rí kankan. Lóòótọ́, àwòrán oníjó wà lára ògiri ibojì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè fi hàn pé ijó òde òní ni wọ́n ń jó. Àwọn olùkọ́ kan nílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń sọ ìtàn náà láti fi kún iyì ijó, tí wọ́n sì fi ń ta kíláàsì. Ijó náà kò nílò irọ́ yẹn.

Ṣé àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn ń bọ̀wọ̀ fún un?

Èyí ni ìbéèrè tí ó le jù. Wọ́n fẹ́ràn ijó náà dé ọ̀gbun ọkàn, wọ́n sì ń sá fún ẹni tí ó ń fi í jẹun. Ní Kàírò, òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní òpópónà Muhammad Ali, tí àwọn olórin, onílù àti oníjó gbé láti ìran dé ìran nígbà kan rí. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ àwọn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo iṣẹ́; àwọn ará àdúgbò mìíràn yóò bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ wọn, wọn kò sì ní jẹ́ kí ọmọ náà fẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan gbé iyì náà dìde. Badia Masabni, tí ó wá láti agbègbè Síríà àti Lẹ́bánónì, ṣí ilé ijó tirẹ̀ ní Kàírò ní ọdún 1926. Ijó tí ó jẹ́ ti ojú kan tẹ́lẹ̀ di èyí tí ó kún orí ìtàgé, apá bẹ̀rẹ̀ sí í na jáde, ẹgbẹ́ olórin sì di ńlá. Ibẹ̀ ni Samia Gamal ti jáde, ẹni tí Ọba Farouk pè ní oníjó orílẹ̀-èdè ní ọdún 1949, àti Taheya Carioca, tí kì í sáré lórí ìtàgé rí. Ó lè fi ilẹ̀ tí kò ju ẹní kan lọ jó títí tí gbogbo ilé yóò fi dákẹ́. Taheya kò dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìlú pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1952, ó ṣẹ̀wọ̀n nítorí òṣèlú. Kí ó tó kú ní ọdún 1999, Edward Said, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Palẹsítínì, ti fi odidi àròkọ yìn ín. N kò mọ iyì tí ó ju kí ẹni tí ó kọ́ ayé bí òyìnbó ṣe ń wo ìlà-oòrùn jókòó kọ̀wé nípa ìbàdí obìnrin kan, kí ó sì kà á sí ọ̀gá iṣẹ́ ọnà.

Ọ̀nà mìíràn ni Mahmoud Reda gbà. Ó ti bá Íjíbítì díje nínú eré jímínásíìkì níbi Òlíńpíìkì Helsinki ní ọdún 1952, ó sì dá ẹgbẹ́ ijó sílẹ̀ ní ọdún 1959. Ó kó àwọn ijó ìgbèríko jọ, ó wọ̀ wọ́n láṣọ gígùn, ó sì yẹra fún ilé ọtí. Farida Fahmy ni olórí oníjó rẹ̀, ọmọ ilé tí ó mọ̀wé, tí òun náà sì padà gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ijó ní yunifásítì kan ní Los Angeles. Àwọn òbí rí i pé ọmọ ilé dáadáa lè jó. Èmi kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé wọ́n ra iyì yẹn nípa yíyọ ara wọn kúrò lára àwọn obìnrin òpópónà Muhammad Ali, àwọn tí ó gbé ijó náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 2003 ni ọ̀rọ̀ náà tún wá di àwàdà: ìjọba Íjíbítì ní kí àjèjì má jó o mọ́ ní ilẹ̀ wọn, kí ó má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n yí i padà ní ọdún 2004. Ìlú tí ó ń tijú oníjó ni ó ń jà pé òun nìkan ni ó ni ín.

Mùsùlùmí ńkọ́?

N kì í ṣe ààfáà, n kò sì ní fàtúwà ṣe. Ohun tí mo rí ni pé Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń jó o nílé, láàárín obìnrin. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn máa ń takò ni kí obìnrin jó o níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Àwọn oníjó kan ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ti wọ hìjáàbù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì ń wọ̀ ọ́ wá sí kíláàsì.

Mo sanra, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣé mo lè kọ́ ọ?

Ẹ wá ní ọjọ́ Satidé. Ijó baladi fẹ́ràn ara tí ó ti gbé ayé. Bí ẹran ara bá wà, jíjá ìbàdí máa ń hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A fẹ́ pe oníjó wá sí òde wa. Báwo ni a ṣe lè bọ̀wọ̀ fún un?

Ẹ dá iye owó pẹ̀lú rẹ̀ ṣáájú, ẹ fún un ní yàrá tí ó ní kọ́kọ́rọ́ láti pààrọ̀ aṣọ, kí alága ìjókòó sì béèrè bí òun yóò ṣe pè é kí ó tó gba ẹ̀rọ ohùn. Ní ti owó, inú mi dùn pé a kò jìnnà sí àwọn ará Íjíbítì: àwọn náà máa ń ná owó, nuqta ni wọ́n ń pè é, orí oníjó ni wọ́n sì máa ń fọ́n ọn gbà. Kì í wọ inú aṣọ rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, níbi ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún kan ní Peckham, ẹ̀gbọ́n kan dìde pẹ̀lú ogún pọ́ùn, ó sì tẹ̀ síwájú pé kí òun fi í sínú bẹ́líìtì mi. Ìlù ń lọ, n kò sì fẹ́ dá a dúró. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ọwọ́ náà sókè sí iwájú orí mi, ibi tí òun náà mọ̀ pé owó ń lọ nígbà tí wọ́n bá ń ná ìyá rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó sì wárí díẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, àǹtí.” Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó kéré tán.